Ìràwọ̀ Mẹ́rin Lára Ọkọ̀ Ṣówándé

Ẹ sún mọ́ mi. Ohùn mi kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, n kò sì ní pariwo nítorí ẹni tó lọ fara ti ògiri lọ́hùn-ún bí ẹni tí wọ́n ń wá. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lẹ́nu kó yára jẹ ẹ́ tán. Bí mo bá dé ibi tí iwin ti yọ ahọ́n, n kò fẹ́ kí ẹ̀pà há ẹnikẹ́ni lọ́fun, kí wọ́n wá máa sọ láàárín ìlú pé ìtàn Ọdẹ́yínká ló pa á.

Múfú, ìwọ lo fa ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ lo gun ọ̀kadà rẹ dé lẹ́ẹ̀kan, tí o ta táyà ẹ̀yìn rẹ̀ nípàá, tí o ní oṣù mẹ́ta péré ló lò tó fi jẹ tán, tí o tún ní ayé àtijọ́ kò sírú ìyà báyìí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Èmi tí ò ń wò yìí, Ọdẹ́yínká ọmọ Ọdẹ́wùmí, tí mo pàdé ẹfọ̀n lójú ọ̀nà oko tí ẹfọ̀n náà kí mi kú àárọ̀ kó tó sá lọ, èmi ni mo tẹ̀lé táyà àkọ́kọ́ tó wọ ìlú Odò-Ìrókò yìí wọ inú igbó iwin, láti lọ wò ó bóyá wọn ó jẹ tàbí wọn ò ní jẹ. Ẹ̀rín ń pa yín. Ẹ máa rín. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, èmi sì ti rìn débi tí mo ti rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ tó gun kẹ̀kẹ́.

"Bàbá, kẹ̀kẹ́ kò sí níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá."

Ẹ má dá a lóhùn. Dúrójayé ọmọ mi nìyẹn, ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìn yín. Orí tirẹ̀ náà ti funfun, síbẹ̀ kò tíì mọ̀ pé bí ìtàn bá ti ń dàgbà ló ń ní nǹkan sí i.

Nígbà tí mo ń sọ yìí, ọ̀nà tó jáde nílùú yìí kò fẹ̀ ju kí ẹni méjì pàdé kí ọ̀kan yà fún èkejì. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tó wà lágbègbè wa, Òkè-Ọ̀sán ló wà, ìrìn ọjọ́ méjì gbáko sì ni fún àwọn tó bá ń gbé aláìsàn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwẹ̀ró ìyàwó mi lóyún àkọ́kọ́, ìrọbí mú un láti ìdájí dé ìdájí kejì, àwọn ìyá àgbà ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọwọ́ àwọn. A so ẹní mọ́ igi, a gbé e sí i, àwa ọkùnrin mẹ́rin gbé e lé èjìká, a ń sáré. Nígbà tí a dé etí odò Aró, ọmọ bọ́ sílẹ̀, kò sunkún. Abẹ́ igi kan létí odò náà la sin ín sí, a sì gbé ìyá rẹ̀ padà wálé. Ó dùn mí. Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ṣì ń dùn mí.

Ní ọdún kejì, oyún tún dúró sí Àwẹ̀ró lára. Nígbà tí oyún náà di oṣù mẹ́fà ni mọ́tò wọ ìlú.

Ha, ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ yín sínú ariwo ọkọ̀, ẹ ò lè mọ bí ọjọ́ náà ti rí. A gbọ́ ọ kí a tó rí i. Adìẹ gun òrùlé, àwọn ọkùnrin tó ń fẹnu ṣe akọni lánàá wọ ẹ̀yìn ìyàwó wọn. Ọkọ̀ dúdú kékeré kan ni, kò ní ìlẹ̀kùn, iná orí rẹ̀ méjèèjì sì yọ jáde bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ẹni tó ń wà á ni Ṣówándé, ọmọ Ẹ̀gbá, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í ṣí fìlà kúrò lórí, tó sì máa ń bá mọ́tò náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí ó bá dé orí òkè, á ní, "Ìyáàfin, ẹ rọra, a ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀." Ẹni tó jókòó tì í ni òyìnbó kan tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà rán wá. Àwa sọ ọ́ ní Ajíwọnẹsẹ̀, nítorí kò tíì ní bọ́jú láàárọ̀ tí á ti kúnlẹ̀ ti mọ́tò, tí á fi irin pẹlẹbẹ kan wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ń sọ èdè wa bí ẹni tó gbé iṣu gbígbóná sẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́.

Ajíwọnẹsẹ̀ dúró níwájú Kábíyèsí, ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ wa, yangí ni, ó ti pa táyà àwọn ní ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn wá ṣe irú mìíràn tó le. Lójú táyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n yọ ìràwọ̀ kan síta, ó ga tó hóró àgbàdo. Ó ní kí a wa ọkọ̀ náà wọ igbó títí dé òpin igbó, kí a bu yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ wá kí òun lè mọ̀ pé a débẹ̀, kí a sì yí padà.

Ó ní, "Bí mo bá rí ìràwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí ẹ bá dé, ọkọ̀ yìí àti Ṣówándé yóò dúró sí ìlú yín, wọn ó máa gbé aláìsàn lọ sí Òkè-Ọ̀sán. Bí ọ̀kan bá parẹ́, mo gbé ọkọ̀ mi, mo lọ."

Kábíyèsí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá wo èmi. Ó ní, "Ọdẹ́yínká, ìwọ lo mọ igbó. Tẹ̀lé ọkọ̀ yìí, kí o sì mú un padà wá fún mi." Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Àwẹ̀ró láàárín àwọn obìnrin, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn.  

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe mi báyìí, kí ẹ má baà ní mo fi pamọ́. Ní agbo ilé tiwa, ohun gbogbo tí a bá fi irin ṣe, epo pupa la fi ń kí i káàbọ̀. Ìbọn tuntun, a fi epo kàn án lẹ́nu. Àdá tuntun, a fi epo ra á lójú. Ọdẹ kì í sì í jáde nílé wa láìfi epo ra àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ṣíwájú. Mo wo mọ́tò yìí, irin ni látòkè délẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ níwájú, mo ní, "Ìwọ ni aṣíwájú, ọwọ́ rẹ ni ìyàwó mi wà." Ní òwúrọ̀ tí a ó gbéra, bí Ṣówándé ti ń wẹ̀ lọ́wọ́, mo da epo sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi ra táyà náà dáadáa títí ó fi ń dán. Ojoojúmọ́ ni mo sì ń ṣe é lójú ọ̀nà. N kò sọ fún Ṣówándé, nítorí ẹni ṣọ́ọ̀ṣì ni, n kò sì fẹ́ kó fi mí rẹ́rìn-ín. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ gbà á lẹ́nu ẹni tó tẹ́.

Bí a ti rìn ín, ẹ má bi mí. Igbó kan ń gbà wá lọ́wọ́ igbó kejì ni.

Nínú Igbó Àìlójúọ̀nà, igi wó lulẹ̀ níwájú wa, igi wó lulẹ̀ lẹ́yìn wa, iwin kan sì jókòó sórí èyí tó wà níwájú. Ahọ́n-Ayùn ni orúkọ rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ gùn tó ọ̀pá mẹ́ta, eyín wẹ́wẹ́ ló hù kún ojú rẹ̀, ó ká a sórí itan bí ẹni ká okùn. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹni tó bá gba ibí kọjá, èmi ni mò ń lá a títí yóò fi tán. Ọ̀dọ̀ mi ni gìgísẹ̀ bàbá rẹ parí sí."

Mo ní, "Irọ́ lò ń pa. Orí ẹní rẹ̀ ni bàbá mi kú sí, ó tilẹ̀ jẹ ẹ̀kọ kó tó kú."

Ó dùn ún pé mo já irọ́ rẹ̀. Ó na ahọ́n, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ kan táyà ẹ̀yìn, a gbọ́ ọ, ṣẹ̀rẹ̀. Ṣówándé fi ara bo táyà náà. Ahọ́n-Ayùn wá ní òun ó pa àlọ́ kan fún wa. Bí a bá mọ̀ ọ́n, òun ó yà lọ́nà. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, òun ó lá ìràwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni lá oyin. Ó ní, "Kí ló ń rìn lọ, tó ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà?"

Ṣówándé ní ìgbín ni. Iwin náà ní itọ́ ni ìgbín ń fi sílẹ̀, kì í ṣe ara rẹ̀. Mo ní táyà ni. Ó ní, "Ìyẹn sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n táyà kò tíì sí nígbà tí ìyá mi kọ́ mi ní àlọ́ yìí." Ó tún ń na ahọ́n bọ̀. Mo tẹ orí ba, ojú mi bá bọ́ sí gìgísẹ̀ ara mi tó ti sán káàkiri, tí àwọ̀ rẹ̀ ń bó. Mo ní, "Èmi ni. Èmi tí mo dúró síwájú rẹ yìí."

Iwin náà ká ahọ́n rẹ̀, ó dìde, ó fi èjìká ti igi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó ní kí a máa lọ, kí a sì rọra.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà yangàn fún Ṣówándé títí a fi dé Pápá Ẹlẹ́gùn-ún. Níbẹ̀, ẹ̀gún a máa dìde dúró, á kí ènìyàn pé ẹ kú ìrìn, á sì wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń dáhùn. Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ ní ìwà ilé, ẹ lè sọ bí yóò ti rí fún ọmọ Ẹ̀gbá tí kò lè gbọ́ ìkíni kó má dáhùn. Bí Ṣówándé ti ń ní "a dúpẹ́" ni táyà ẹ̀yìn méjèèjì ń mí sọlẹ̀. Ó ní àfi tí a bá rí oje igi rọ́bà fi dí i. Ó jókòó ti ọkọ̀, èmi wọgbó lọ wá a.

Ìyá arúgbó kan ni mo bá nínú igi rọ́bà kan, orí àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló yọ síta, èèpo igi ni ìyókù ara rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó fi èékánná ya apá ara rẹ̀, oje funfun ń sun sínú akèrègbè mi. Bí ó ti ń sun, ìyá náà ní, "Ọmọ mi, ohun tó ti ara mi jáde, má ṣe jẹ́ kí ohun tó ti ara ọ̀pẹ jáde kàn án. Àwa méjèèjì kì í gbé pọ̀." Àbí kí ló tún sọ? N kò gbọ́ ọ tán. Ó ti kọ́kọ́ bi mí bóyá èmi ni mo pa ẹkùn Òkè-Àgbò, ẹ sì mọ bí mo ti máa ń ṣe bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nípa ẹkùn yẹn. Mo ń ṣàlàyé bí mo ti dì í ní ìrù mú nígbà tí ó ń kìlọ̀ fún mi. Mo dúpẹ́, mo gbé oje mi lọ fún Ṣówándé, ó fi dí táyà méjèèjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún fi epo ra táyà aṣíwájú.

Báyìí la ṣe dé òpin igbó, níbi tí ìlú Àjẹrun wà. Ìlú náà, eruku ni láti ẹnubodè dé ààfin: eruku dúdú, eruku pupa, eruku funfun, gbogbo rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ilé. Oníbodè gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí ohun tó ní ẹ̀rọ má wọlé, kí èémí rẹ̀ má baà fẹ́ àwọn dànù. Ṣówándé dúró ti ọkọ̀, èmi wọlé láti lọ tọrọ yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ ọba wọn.

Ẹ gbọ́, ibẹ̀ ni ohun gbogbo tó bá jẹ láyé ń lọ. Ẹ rò pé nígbà tí ọkọ́ bá jẹ títí tó fi kéré bí ṣíbí, ibo ni ìyókù lọ? Àjẹrun ni. Ẹnu ọ̀bẹ, orí ọmọ odó, eyín arúgbó, ìloro tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti tẹ̀ kọ́tọ́, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Mo kọjá lára òkìtì kan, mo gbọ́ òórùn ata àti irú, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ọlọ ìyá mi ni. Ohun tí ọlọ náà fi sílẹ̀ nígbà tí ìyá mi ń lọ ata fún wa ní ogójì ọdún ló dúró síwájú mi yẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni òkìtì kékeré kan wà, ti gìgísẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tó fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà oko àti odò nítorí wa. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ọkùnrin tí ẹfọ̀n ń kí jókòó sínú eruku, ó ń sunkún ìyá rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín níbí yìí.

Ibẹ̀ ni Ọba Àjẹrun bá mi. Òun náà, eruku ni, bí ó bá sọ̀rọ̀, díẹ̀ a máa dà sílẹ̀ lára rẹ̀, òmíràn á sì dìde rọ́pò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i. Ó ní, "Ọdẹ́yínká, ẹ káàbọ̀. Táyà yín ti ń dé ọ̀dọ̀ wa kí ẹ̀yin tó dé." Ó mú mi lọ síbi òkìtì dúdú mẹ́rin. Mẹ́ta nínú wọn kò ju ohun tí ènìyàn lè fi ìka mẹ́ta mú. Inú mi dùn. Ìkẹrin kún igbá, kì í sì í ṣe eruku. Ó rọ̀, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé ọwọ́ náà sí imú, epo pupa ló ń rùn.

Ọ̀rọ̀ ìyá inú igi bá sọ sí mi lọ́kàn. 

Ọba ní, "Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí, iṣẹ́ ló jẹ wọ́n. Ohun tí iṣẹ́ bá jẹ, tayọ̀tayọ̀ la fi ń gbà á, a máa kọ́ ilé fún un. Èyí, ìkẹ́ ló bà á jẹ́. A kò ní àyè fún ohun tí ènìyàn bá fi ìkẹ́ bà jẹ́. Gbé e dání kí o máa lọ." Ó bu yẹ̀pẹ̀ fún mi. Mo tún wo ẹ̀yìn síbi òkìtì ìyá mi, n kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ọba rí i lójú mi. Ó ní, "Bí o bá fẹ́ dúró, àyè wà. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ kò tíì débí." Mo bá dìde.

Mo fi yanrìn nu táyà náà títí ọwọ́ mi fi bó, ṣùgbọ́n epo ti wọ inú rẹ̀. Bí a ti ń padà bọ̀, ó ń wú, ó ń bó, ìràwọ̀ rẹ̀ ń fẹjú, ó ń rẹlẹ̀. Ṣówándé bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Bíréèkì ni. Ẹsẹ̀ mi ti wúwo jù lórí bíréèkì." Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Ojú tì mí, mo gbé e mì. Mo ní bóyá yóò mú un dé ilé. Láti ọjọ́ náà, Ṣówándé kò bá mọ́tò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń wà á ni.

Gbogbo ìlú ló jáde pàdé wa. Ajíwọnẹsẹ̀ gba yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ ti táyà ẹ̀yìn, ó fi irin wọ̀n ọ́n. Ó ní, "Ìràwọ̀ kan." Àwọn ènìyàn hó. Ó bọ́ sí èkejì, ó ní, "Ìràwọ̀ méjì." Ó bọ́ síwájú lápá òsì, ó ní, "Ìràwọ̀ mẹ́ta." Ó wá dé ọ̀dọ̀ aṣíwájú mi. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú táyà náà sì bá ọwọ́ rẹ̀ wá.  Ó dìde, ó pa ìwé rẹ̀ dé.

Ṣówándé ṣí fìlà rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí orí rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, "Sà, èmi ni mo bà á jẹ́. N kò mọ ọkọ̀ wà tó bí mo ti rò."

Òyìnbó náà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò tún gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́.

Mo wo Àwẹ̀ró. Ó ti ń yí padà lọ sílé, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí aboyún ti ń rìn. Ó ti gbà á bẹ́ẹ̀, pé ẹní àti igi ni yóò tún gbé òun. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti dúró níwájú ẹkùn rí. Kò tó bí ó ti le fún mi láti la ẹnu ní ọjọ́ yẹn.

Mo ní, "Ẹ dúró. Kì í ṣe Ṣówándé. Èmi ni. Epo pupa ni mo fi ń ra á lójoojúmọ́, kí ó lè gbé wa dé ire. Àwọn mẹ́ta tí n kò fọwọ́ kàn ló wà níwájú yín yẹn, wọ́n yè. Èyí tí mo kẹ́ nìkan ló kú."

Ẹni kan bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo ìlú bá gbà á. Àwọn àgbà ń di ara wọn mú. Títí fún ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń pè mí ní Ọdẹ Ẹlẹ́po, ẹni tí kò dára pọ̀ mọ́ wọn kò pọ̀. Ajíwọnẹsẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbà mí gbọ́. Ó ní kí wọ́n gbé epo náà wá kí òun rí i. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló wọ ilé ìdáná wa, tó gbé ìkòkò epo jáde. Wọ́n sọ táyà karùn-ún tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi epo ra ìlàjì rẹ̀, wọn kò fọwọ́ kan ìlàjì kejì. Wọ́n gbé e sí ààfin, wọ́n ń fi epo ra á láràárọ̀ bí mo ti ṣe é. Ní ọjọ́ kẹfà, Ajíwọnẹsẹ̀ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí epo wà, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó tẹ ìlàjì kejì, ó le bó ti le lọ́jọ́ tó dé.

Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó kọ̀wé títí. Ó ní òun ti gbé táyà káàkiri ilẹ̀ púpọ̀, gbogbo ènìyàn ló máa ń sọ pé, "Èmi kọ́, ọ̀nà ni." Ó ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ fún òun pé, "Èmi ni." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Kábíyèsí, ó ní, "Táyà kò kùnà. Ọkọ̀ dúró tì yín, n ó fi táyà mìíràn ránṣẹ́." Ṣówándé dé fìlà rẹ̀ padà. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó ní, "O mọ̀ ọ́n, o jẹ́ kí n máa dá ara mi lẹ́jọ́ láti Àjẹrun dé ilé." Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo ju ú lọ. Ó gbé mi dìde, kò sì tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí ó fi kú.

Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, ìrọbí mú Àwẹ̀ró. Ọ̀nà tí àwọn ọkùnrin ìlú fi ọkọ́ fẹ̀ láàárín oṣù méjì náà kò tíì gbẹ. Mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, mo gbé orí rẹ̀ lé itan, Ṣówándé ń sọ pé, "Ìyáàfin, ẹ rọra, a ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀," n kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ló ń bá wí tàbí ìyàwó mi. Nígbà tí a dé odò Aró, Àwẹ̀ró rí igi náà. Ó di ọwọ́ mi mú. Ọkọ̀ náà la odò kọjá, kò dúró. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí a dé Òkè-Ọ̀sán, ọmọ bọ́ sílẹ̀, ó sì fi igbe ta. Ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìn yín yẹn nìyẹn.

Ọkọ̀ náà sìn wá fún ọdún mọ́kànlá. Ìpàǹtí rẹ̀ wà lẹ́yìn ààfin títí ìpẹtà fi jẹ ẹ́ tán. Kí wọ́n tó dà á síbẹ̀, Ṣówándé gé táyà tó kẹ́yìn lára rẹ̀, ó ní kí aránbàtà fi ṣe sálúbàtà fún mi. Ìràwọ̀ náà bọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, kò ga mọ́, ṣùgbọ́n ojú rí i. Ó ní, "Ẹlẹ́po, aṣíwájú rẹ nìyí." Ṣówándé ti kú. A sin ín síbí, ó ní òun kò padà sí Ẹ̀gbá mọ́. Àwẹ̀ró náà ti lọ, ọdún méjìlélógún rèé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bọ́ sálúbàtà náà, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e kọ́ ara ògiri, kí ìràwọ̀ rẹ̀ má baà parẹ́. Mo ní ohun tó kù fún mi nìyẹn.

Múfú, mo ń wò ọ́ bí o ti ń ta táyà rẹ nípàá lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ bá ọ wí, ni mo bá rántí ara mi. Kí ni mo ń kẹ́ sára ògiri? Ṣé n kò gbọ́ ohun tí Ọba yẹn sọ ni? Ìyàwó mi ti dé Àjẹrun, gìgísẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣówándé wà níbẹ̀. Èmi wá fi aṣọ wé ohun tó yẹ kí wọ́n máa rí gbà lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́.

Dúrójayé, gbé ẹ̀gúsí yẹn sílẹ̀, bá mi mú sálúbàtà mi wá.

"Bàbá, ẹ ní ẹ kò ní wọ̀ ọ́ mọ́ láéláé."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mú un wá.

Ó ṣeun. Ẹ wò ó, ẹ máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹ fi ìka kàn án. Ìràwọ̀ nìyẹn. Ó tó, ẹ dá a padà fún mi. Ó ṣì bá ẹsẹ̀ mi mu. Dúrójayé, fún mi lọ́wọ́ rẹ, kí ìwọ àti èmi rìn dé odò Aró kí oòrùn tó wọ̀. Má mú mi gba orí títì ọlọ́dà, ọ̀dà ń dán jù, kò ní jẹ ẹ́. Ojú yangí la ó gbà.